Àìsàn Ni, Tàbí Oògùn? Ìtàn Ìwádìí Lórí Ọpọlọ Àwọn Tí Ń Lo Oògùn Wèrè

Inú àpótí egungun ni Ẹlẹ́dàá fi ọpọlọ ènìyàn sí. Oníṣègùn lè fọwọ́ tẹ ẹ̀dọ̀ wò láti ìta ikùn, ó sì lè fetí gbọ́ bí ọkàn ti ń lù láti ìta àyà, ṣùgbọ́n ọpọlọ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun títí di ọjọ́ tí ẹni tí ó ni ín bá kú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí wèrè ń ṣe sí ọpọlọ láyé àtijọ́ níláti dúró de òkú. Emil Kraepelin, ọ̀gá oníṣègùn kan ní ilẹ̀ Jámánì, dúró dè é. Òun ni ẹni tí ó ya àìsàn tí wọ́n ń pè ní schizophrenia lónìí sọ́tọ̀ láàrin oríṣiríṣi wèrè ní àwọn ọdún 1890. Ó ṣe àkíyèsí pé àwọn ọ̀dọ́ ni àìsàn náà sábà máa ń mú; ẹni tí ó mú a máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, a máa fura sí àwọn ará ilé rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í ní orí tàbí ìdí mọ́. Orúkọ Látìnì tí Kraepelin fún un, dementia praecox, túmọ̀ sí iyè tí ó rà láìtọ́jọ́. Ó dá a lójú pé ohun kan ń bàjẹ́ nínú ọpọlọ àwọn ènìyàn wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ojú kò tíì tó ohun náà.

Àwọn oníṣègùn Jámánì méjì, Jacobi àti Winkler, ni ó kọ́kọ́ gbìyànjú láti wo ọpọlọ irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà lára wọn. Ọdún 1927 ni, ní ìlú Jena. Ọ̀nà tí wọ́n gbà le púpọ̀: wọn a fa omi tí ó yí ọpọlọ ká jáde láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn aláìsàn, wọn a fi afẹ́fẹ́ rọ́pò rẹ̀, wọn a sì ya orí rẹ̀ ní àwòrán ráńpẹ́ bí afẹ́fẹ́ náà ti ń gòkè lọ sínú àwọn ihò olómi tí ó wà láàrin ọpọlọ. Orí fífọ́ tí ó ń tẹ̀lé ìyà yìí kì í ṣe kékeré. Wọ́n rí i pé ihò olómi àwọn aláìsàn wọn fẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Bí ihò bá sì ti fẹ̀, ẹran ọpọlọ tí ó yí i ká ni ó dínkù. Kí òǹkàwé fi ọdún yìí sọ́kàn dáadáa. Ní 1927, kò tíì sí oògùn wèrè kan ní ilé ìwòsàn Yúróòpù tí ènìyàn lè nawọ́ ẹ̀sùn sí.

Oògùn náà dé ní àárín ọ̀rúndún ogún. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1950, Paul Charpentier, onímọ̀ kẹ́míkà ní ilé-iṣẹ́ Rhône-Poulenc ní ilẹ̀ Faransé, ṣe ohun tí ó wá di chlorpromazine, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì káàkiri ayé mọ̀ sí Largactil. Kì í ṣe wèrè ni wọ́n ń wá oògùn sí. Henri Laborit, dókítà oníṣẹ́-abẹ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi, ni ó fẹ́ ohun tí yóò mú ara aláìsàn rọ̀ kí wọ́n tó la á. Òun ni ó sì ṣàkíyèsí pé ẹni tí ó bá gbà á kì í sùn lọ, ṣùgbọ́n ohun gbogbo tí ń lọ ní àyíká rẹ̀ kì í kàn án mọ́. Ní 1952, Jean Delay àti Pierre Deniker fún àwọn aláìsàn wèrè ní ilé ìwòsàn Sainte-Anne ní Paris ní oògùn yìí. Ariwo rọlẹ̀ nínú yàrá àwọn aláìsàn. Ẹni tí wọ́n ti ń dè mọ́lẹ̀ ń jókòó jẹun, ẹni tí kò bá ènìyàn sọ̀rọ̀ láti ọdún pípẹ́ sì ń dáhùn nígbà tí wọ́n bá pè é.

Ó yẹ kí ènìyàn rántí ohun tí ó wà ṣáájú kí ó tó dá àwọn tí ó yọ̀ nígbà náà lẹ́bi. Ní 1949, ọdún mẹ́ta péré ṣáájú, ẹ̀bùn Nobel ni wọ́n fún Egas Moniz ará Potogí nítorí pé ó kọ́ àwọn dókítà bí wọ́n ti lè lu agbárí aṣiwèrè kí wọ́n sì gé okùn ọpọlọ rẹ̀ sọ́tọ̀. Ní Amẹ́ríkà nìkan, àwọn tí ó wà ní ilé wèrè ti ìjọba ní ọdún 1955 tó 559,000. Lẹ́yìn ọdún náà ni iye yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oògùn nìkan kọ́ ni ó mú un wálẹ̀. Ní ojú ẹni tí ó ti rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti ọ̀bẹ, ìpara oògùn kò lè jọ ohun tí ó léwu.

Ilẹ̀ Yorùbá ní ipa tirẹ̀ nínú ìtàn yìí, ipa náà kò sì kéré. Igi kan wà nínú igbó tí àwọn àgbà ń pè ní asofẹ́yẹjẹ, nítorí pé ẹyẹ ni ó ń so èso fún. Gbòǹgbò rẹ̀ ni àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ tí ń wo wèrè máa ń lò, kí ara aláìsàn lè wálẹ̀ kí ó sì lè rí oorun sùn. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Rauvolfia vomitoria. Ìbátan rẹ̀ tí ó wà ní Íńdíà ni Rauvolfia serpentina, èyí tí Gananath Sen àti Kartick Bose kọ ìwé lé lórí ní 1931 pé ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru rọlẹ̀ ó sì ń mú aṣiwèrè dákẹ́. Ní 1952 ni àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ilé-iṣẹ́ Ciba ní ìlú Basel yọ ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú gbòǹgbò ti Íńdíà jáde, wọ́n sọ ọ́ ní reserpine; ohun kan náà wà nínú asofẹ́yẹjẹ. Ní 1954, Nathan Kline ròyìn bí ó ti lò ó fún àwọn aláìsàn wèrè ní ìpínlẹ̀ New York. Ọdún náà gan-an ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Aró, ní Abẹ́òkúta, lábẹ́ Thomas Adéoyè Lambo, ẹni tí ó ní kí àwọn aláìsàn máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, kí ìbátan wọn sì máa bá wọn gbé. Nígbà tí Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún 1950, kọ̀wé ní 1960 sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ọpọlọ ti Amẹ́ríkà nípa bí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ní Nàìjíríà ti ń fi Rauvolfia wo wèrè, ohun tí ó jẹ́ ìròyìn fún àwọn tí ó kà á ní òkèèrè ti jẹ́ ohun àtayébáyé lọ́dọ̀ àwọn tí ó ń kọ̀wé nípa wọn.

Reserpine yìí kan náà ni ó ṣí ojú àwọn onímọ̀ sí bí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ní 1957, Arvid Carlsson ará Sweden fún ehoro ní reserpine, ehoro dùbúlẹ̀, kò lè mira. Ó fún un ní èròjà tí ara fi ń ṣe dopamine, ehoro sì dìde. Dopamine jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìránṣẹ́ tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ń rán sí ara wọn. Ohun tí reserpine ń ṣe ni pé ó ń tú àká dopamine dànù. Chlorpromazine àti haloperidol, èyí tí Paul Janssen ará Bẹ́ljíọ̀mù ṣe ní 1958, ń dí ẹnu ọ̀nà tí dopamine ń gbà wọlé. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé ọwọ́ àwọn tí ń lo oògùn wọ̀nyí ń gbọ̀n, tí ẹsẹ̀ wọn ń wúwo. Delay àti Deniker pàápàá fi ohun tí wọ́n rí yìí sọ oògùn náà lórúkọ: neuroleptic, ohun tí ó di iṣan-ìmọ̀ mú. Kí àwọn ọdún 1950 tó parí, wọ́n ti ṣàkíyèsí ohun tí ó burú ju gbígbọ̀n lọ. Ẹnu àwọn aláìsàn mìíràn ń jẹ nǹkan tí kò sí níbẹ̀, ahọ́n wọn ń yọ síta fúnra rẹ̀, bí wọ́n sì ti dá oògùn dúró, èyí kò dúró. Bí oògùn bá lọ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò lọ, ó yẹ kí ẹnikẹ́ni béèrè bóyá ó ti fi àmì sí ọpọlọ lára. Ìbéèrè yẹn kò pariwo tó bí ó ti yẹ fún nǹkan bí ogójì ọdún.

Ohun tí ó fà á wà nínú àwòrán tí ó jáde ní 1976. Godfrey Hounsfield, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣe ẹ̀rọ CT, èyí tí ń ya inú ara ní àwòrán ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí ẹni gé iṣu. Ní 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ya orí aláìsàn kan ní London. Eve Johnstone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Northwick Park kó àwọn aláìsàn schizophrenia tí wọ́n ti pẹ́ ní ilé wèrè, mẹ́tàdínlógún péré, sábẹ́ ẹ̀rọ yìí. Ihò olómi wọn fẹ̀ ju ti àwọn tí ara wọn dá lọ, ó sì fẹ̀ jù lára àwọn tí iyè wọn kú jù. Ohun tí Jacobi àti Winkler fi ìyà rí ni Johnstone tún rí láìro ẹnikẹ́ni lára.

Kò sí bí ènìyàn ti lè mọ bí àwòrán yìí ti wúwo tó bí kò bá mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún àwọn ìyá aláìsàn ní àkókò náà. Láti 1948, nígbà tí Frieda Fromm-Reichmann kọ̀wé lórí rẹ̀, ni ọ̀pọ̀ oníṣègùn Amẹ́ríkà ti gbà pé ìyá tí kò mọ ọmọ tọ́ ni ó ń sọ ọmọ di wèrè. Abiyamọ tí ọmọ rẹ̀ ń bá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀ a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, a sì gba ẹ̀bi bọ̀ wá sílé. Àwòrán Northwick Park dá a láre. Ó fi hàn pé ẹ̀yà ara ni àìsàn wà, gẹ́gẹ́ bí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti ń wà nínú ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn tí wọ́n ti ń retí irú ìdáláre bẹ́ẹ̀ fún ọdún 28 kò ní tètè fẹ́ gbọ́ pé oògùn lè wà lára ohun tí ó yí àwòrán náà padà. Báyìí ni ó ṣe di àṣà pé gbogbo ohun tí ẹ̀rọ bá fi hàn, àìsàn ni wọ́n ń kà á sí lọ́rùn.

Ẹ̀rọ MRI, tí ń fi agbára òòfà ya àwòrán tí ó mọ́ ju ti CT lọ, ni ó kọ́kọ́ da àṣà yìí rú. Ní 1994, Miranda Chakos àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York ya àwọn tí wèrè ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára wọn ní àwòrán, wọ́n sì tún wọn yà lẹ́yìn tí wọ́n ti lo oògùn. Kókó kan nínú jíjìn ọpọlọ, caudate, tí dopamine pọ̀ sí, ti wú. Nígbà tí wọ́n gbé àwọn aláìsàn mìíràn kúrò lórí oògùn àtijọ́ sórí clozapine, ó tún fà sẹ́yìn. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ àìsàn. Ní 2005, Jeffrey Lieberman àti àwọn mìíràn fi oògùn àtijọ́, haloperidol, wé oògùn titun, olanzapine, lára àwọn aláìsàn 263. Ẹran ọpọlọ aláwọ̀ eérú dínkù lára àwọn tí ó ń lo haloperidol, kò sì dínkù bẹ́ẹ̀ lára àwọn tí ó ń lo olanzapine. Ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe olanzapine ni ó náwó sí ìwádìí náà, àwọn kan sì yára sọ pé oògùn titun ni ó ń dáàbò bo ọpọlọ.

Àwọn ọ̀bọ ni ó já wọn. Ní ọdún 2005 yìí kan náà, Karl-Anton Dorph-Petersen àti David Lewis pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Pittsburgh tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀bọ macaque 18. Mẹ́fà gba haloperidol, mẹ́fà gba olanzapine, mẹ́fà kò gba nǹkan kan. Ìwọ̀n oògùn tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn bá èyí tí ó máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn mu, wọ́n sì lò ó fún oṣù 17 sí 27. Nígbà tí wọ́n wọn ọpọlọ wọn, ti àwọn tí ó lo oògùn fi nǹkan bí ìdá 8 sí 11 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn tí kò lò ó, olanzapine kò sì yàtọ̀ sí haloperidol. Ọ̀bọ kì í ṣe wèrè. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé àìsàn ni ó jẹ ọpọlọ wọn. Àyẹ̀wò tí ó tẹ̀ lé e fi hàn pé kì í ṣe àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gbé ìrònú kiri ni ó dínkù ní iye, bí kò ṣe àwọn alábàágbé wọn tí ń bọ́ wọn tí ó sì ń gbè wọ́n ró.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí wá kàn gbọ̀ngbọ̀n ni Nancy Andreasen ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga Iowa. Àwọn tí ń kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ yóò fẹ́ mọ̀ pé ará ilé wọn ni tẹ́lẹ̀: ìmọ̀ lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé, ó sì ti kọ odindi ìwé lórí akéwì John Donne kí àìsàn tí ó kọ lù ú lẹ́yìn ìbímọ tó mú un lọ kọ́ ìṣègùn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ń ya àwọn aláìsàn kan náà ní àwòrán léraléra. Ní 2008, ó sọ fún ìwé ìròyìn New York Times pé bí oògùn tí aláìsàn lò bá ti pọ̀ tó ni ẹran ọpọlọ tí ó ń pàdánù ti ń pọ̀ tó, àti pé òun ti fi èsì yìí pamọ́ fún bí ọdún méjì. Ó fẹ́ kí ó dá òun lójú, ẹ̀rù sì ń bà á pé àwọn tí oògùn tọ́ sí yóò dá a dúró. Ní 2011 ni òun àti Beng-Choon Ho pẹ̀lú àwọn yòókù tẹ̀ ẹ́ jáde: aláìsàn 211, àwòrán 674, ọdún 7.2 ní ìdọ́gba lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ bí àìsàn ti le tó àti bí ó ti pẹ́ tó kúrò nínú ìṣirò, ìwọ̀n oògùn ṣì ń bá ìdínkù ọpọlọ rìn.

Ọ̀pọ̀ ni ó bi í pé kí ni ìdí tí ó fi pa á mọ́. Ìdáhùn rẹ̀ yẹ ní gbígbọ́. Ní Finland, níbi tí Jari Tiihonen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti yẹ ìwé àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn schizophrenia 66,881 wò láti 1996 sí 2006, àwọn tí kò lo oògùn kankan kú ju àwọn tí ó lò ó fún ọdún pípẹ́ lọ. Síbẹ̀, aláìsàn tí ó ń gbé oògùn mì ni ó ni ọpọlọ, kì í ṣe dókítà. Ohun tí wọ́n bá fi pamọ́ fún un nítorí ire rẹ̀, ire náà kò pé.

Ìṣirò nìkan kò sì lè yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó bá ń ka garawa omi tí wọ́n gbé lọ sí àwọn ilé tí iná jó yóò rí i pé ibi tí wọ́n ti da omi jù ni ilé ti bàjẹ́ jù. Kò wá ní tìtorí èyí sọ pé omi ni ó jó ilé. Ẹni tí wèrè rẹ̀ le jù ni wọ́n máa ń fún ní oògùn jù. Ní 2013, Andreasen fúnra rẹ̀ tún fi hàn pé iye àkókò tí aláìsàn fi wà nínú wèrè tí ó padà dé ń bá ìdínkù ọpọlọ rìn pẹ̀lú. Ní ọdún náà, àkójọ ìwádìí tí ó kó ènìyàn tí ó ju 18,000 lọ fi yéni pé ọpọlọ àwọn aláìsàn 771 tí kò tíì fẹnu kan oògùn rí ti kéré díẹ̀ sí ti àwọn tí ara wọn dá, bí Jena ti fi hàn láti 1927. Ohun mìíràn ni pé kí ọpọlọ kéré kò fi dandan jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì kú. Ní 2010, Heike Tost àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn tí ara wọn dá ní abẹ́rẹ́ haloperidol ẹyọ kan. Láàrin wákàtí méjì, kókó inú jíjìn ọpọlọ wọn ti dínkù, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì tó ṣú, ó ti padà sípò.

Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó lè ya àìsàn àti oògùn sọ́tọ̀ ni kí wọ́n fi ìbò pín àwọn aláìsàn, kí apá kan gba oògùn, kí apá kejì gba hóró tí kò ní nǹkan kan nínú. Ẹ̀rí-ọkàn kì í fẹ́ gba èyí láyè, ìdí sì nìyí tí irú rẹ̀ fi ṣọ̀wọ́n. Wọ́n ṣe ọ̀kan ní Melbourne pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ tí wèrè wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń ṣọ́ wọn lójú méjèèjì; èsì rẹ̀ jáde ní 2021. Níbẹ̀, kókó kan nínú jíjìn ọpọlọ, pallidum, dínkù lára àwọn tí kò gba oògùn, kò sì dínkù bẹ́ẹ̀ lára àwọn tí ó gbà á.

Èyí tí ó jáde ṣáájú rẹ̀ ní 2020, tí Aristotle Voineskos ti Toronto jẹ́ aṣáájú àwọn tí ó kọ ọ́, gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn tí ìbànújẹ́ ọkàn tí ó di wèrè ti mú rí ni wọ́n kó jọ, àgbà wà nínú wọn, gbogbo wọn sì ti gbádùn lórí olanzapine àti oògùn ìbànújẹ́ ọkàn kan. Wọ́n fi ìbò pín wọn: àwọn kan ń bá olanzapine lọ, wọ́n fi hóró òfìfo rọ́pò olanzapine fún àwọn yòókù, fún ọ̀sẹ̀ 36. Èèpo ọpọlọ àwọn tí ó ń bá olanzapine lọ, tí ara wọn sì dá títí dé òpin, fẹ́lẹ́ sí i. Ti àwọn tí ó ń lo hóró òfìfo tí ara wọn sì dá kò fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí ó ń lo hóró òfìfo, àìsàn padà sára àwọn kan, èèpo ọpọlọ tiwọn náà sì fẹ́lẹ́. Kò sí dókítà tí ó lè fi ojú lásán mọ̀, ní ọjọ́ tí wọ́n ṣẹ́ ìbò, ẹni tí àìsàn rẹ̀ yóò padà àti ẹni tí kò ní padà.